Fíìmù Ojú Ọ̀nà Tí A Kò Wò Parí

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi, kí ẹ má baà rò pé ẹ ti mú mi. Nígbà tí mo ṣì kéré, tí gbogbo àgbà Ẹgbẹ́dá ṣì lè rán mi níṣẹ́, mo rí ọkùnrin kan tó ń fi lọ́rì kó pákó láti Ọ̀rẹ̀ wá sí Ìkòtún, tí ẹnikẹ́ni ò rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ rí, tí fíìmù lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ dá jókòó sílé. Èmi náà ò sì sàn jù ú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rọra rín in, torí ọwọ́ mi ni ìtàn wà, mo sì lè má parí rẹ̀ fún yín.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ọkùnrin náà. Bàbá Dẹ́rẹ́bà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ilé kan náà là ń gbé, yàrá tiwa kọjú sí tirẹ̀, pálọ̀ rẹ̀ nìkan ló sì ní tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ àti ẹ̀rọ fídíò. Ẹgbẹ́dá ìgbà yẹn kọ́ lẹ̀ ń wò yìí o. Téèyàn bá rìn díẹ̀ kúrò létí títì, oko ẹ̀gẹ́ ló máa bá. Bí ẹnì kan bá sọ fún wa nígbà náà pé ilé máa kún Ayọ̀bọ̀ títí kò ní sí àyè, a ó bi í bóyá ó ti jẹun.

Mọ́tò-bọ́ì Bàbá Dẹ́rẹ́bà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ́ọ̀mù, ó ti lọ wa ọkọ̀ tirẹ̀. Bàbá wá ṣèlérí fún mi pé bí ọlidé bá ti dé, èmi lòun máa mú lọ sí Ọ̀rẹ̀. Iwájú lọ́rì ni n óò jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun gan-an. Mi ò tíì kọjá Òṣòdì rí láyé mi. Mo sọ fún gbogbo ọmọ kíláàsì wa. Mo sọ fún àwọn tí kò béèrè. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí mo ti ṣèlérí pé n óò mú ọ̀bọ bọ̀ fún. Àárọ̀ Mọ́ńdè la máa lọ. Ọ̀sán Sọ́ńdè tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n yá kásẹ́ẹ̀tì yẹn wá sílé.

Pálọ̀ kún. Àwọn àgbà jókòó sórí àga, àwa ọmọdé wà nílẹ̀, àwọn tí kò ríbi jókòó sì kó orí bọ ojú fèrèsé. Ìyá Ìjẹ̀bú, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, gbé àtẹ ẹ̀gúsí sórí itan, ó ń bó o bó ṣe ń wò. Ìró ẹ̀gúsí yẹn ni mo fi ń mọ bí nǹkan ṣe rí. Bó bá ń ró pá, pá, pá, ewu ò tíì dé.

Fíìmù náà kò le láti sọ. Ọkùnrin kan ń wa ọkọ̀ lọ lójú ọ̀nà gígùn, òun nìkan. Igbó lọ́tùn-ún, igbó lósì. Ó rí ẹnì kan tó dúró létí títì, kẹ́ẹ̀gì epo lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń juwọ́ sí i. Kò dúró. Ó wo dígí, ó rí i tí ẹni náà ń kéré sí i lẹ́yìn. Ó gba kọ́nà kan. Ọkùnrin yẹn ló tún wà níwájú, kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, tó ń juwọ́.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ìwo, kò sí ẹni tó yọ eyín gbọọrọ. Ẹni tó ń juwọ́ létí títì ni, irú èyí tí gbogbo wa ti rí rí. Wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ tó ń júwe epo nínú ọkọ̀ hàn wá. Ó ti ń sún mọ́ ìsàlẹ̀. Ìró ẹ̀gúsí dáwọ́ dúró. Ó yé gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà pé epo máa tán, pé lójú ọ̀nà yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló ní epo lọ́wọ́.

“Kó dúró rà á lọ́wọ́ rẹ̀ jàre,” Ìyá Ìjẹ̀bú wí.

“Ta ló máa dúró?” Bàbá Dẹ́rẹ́bà dá a lóhùn. “Ibi gbogbo lẹ̀yin ti ń nájà.”

“Àbí àyà yín ti ń já ni?”

“Àyà ta ni? Èmi tí mo ti sùn nínú igbó Ọ̀rẹ̀, tí ẹ̀fọn ń bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ jí?”

A rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì pẹ́. Bàbá ti sún síwájú lórí àga, ó ti ń bá dẹ́rẹ́bà inú fíìmù sọ̀rọ̀ bíi pé ó lè gbọ́. “Wọ gíà. Má sáré, epo lò ń jẹ. Má tún wo dígí mọ́. Mo ní má wò ó.” Ọkùnrin náà wò ó. Kẹ́ẹ̀gì tún wà níbẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí a kò dìde, nígbà tí kò sẹ́ni tó so wá mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ata, kí ló dé tí omi ń dà lójú yín tí ọwọ́ kò kúrò nínú abọ́? Orúnkún mi kan ti ọmọ kejì, tirẹ̀ kan ti ẹlòmíì, gbogbo wa sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ pa pọ̀. Bí ẹnì kan bá ní ká lọ ṣeré níta lákòókò yẹn, a ó lé e jáde.

Ọkọ̀ náà kú. Gbogbo nǹkan dákẹ́. A gbọ́ ẹsẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, a sì gbọ́ epo tó ń ṣe gbọ̀lọ̀-gbọ̀lọ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì, ó ń bọ̀. Ọwọ́ kan yọ lójú dígí ọkọ̀. Ẹni náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí a lè rí ojú rẹ̀.

Bàbá Dẹ́rẹ́bà dìde, ó sì pa tẹlifíṣọ̀n.

“Ó tó,” ló wí.

“Dádì, ẹ jẹ́ ká rí ojú ẹ̀ ná,” ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

“Ojú ta ni? Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ẹ lọ dáná.”

Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì, ó wọ sálúbàtà, ó sì gbé e padà fún ẹni tó yá wa, òun fúnra rẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Òun tí kì í rán ara rẹ̀ níṣẹ́ omi mímu.

Lónìí, bí fíìmù bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ ó fi ìka tì í síwájú, ẹ ó ti rí ìparí rẹ̀ kí ẹ tó mí. Ẹlòmíì a ti ka ìparí kó tó bẹ̀rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì lẹ ti ń wò ó, olúkúlùkù pẹ̀lú fóònù tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nígbà tí àyà ẹlòmíì já. Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n fíìmù tó bá dúró sójú ọ̀nà nígbà tiwa, inú wa ló ti ń parí iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì kọjá ní Ẹgbẹ́dá ni mo ń wò lójú.

Mo sọ fún ìyá mi pé inú ń run mí, bóyá mi ò ní lè lọ sí Ọ̀rẹ̀ mọ́.

“Inú rírun yẹn,” ló bi mí, “ṣé ó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́?”

Mo mọ̀ pé bí mi ò bá lọ, mi ò ní lè yọjú síta títí ọlidé á fi parí. Bí mo bá sì lọ, ẹ ti mọ ẹni tó ń dúró dè wá. Lódìkejì, mo gbọ́ tí Bàbá Dẹ́rẹ́bà ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀.

“O ò ṣe bá mi dé Ọ̀rẹ̀ lọ́la?”

“Kí n wá lọ ṣe kí ni níbẹ̀? Àbí ẹ ò mú ọmọ yẹn lọ mọ́ ni?”

Mo sùn pẹ̀lú ìpinnu pé inú mi kò ní san.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn wa. Ó ti wọ aṣọ iṣẹ́. Ó ní ṣé mo ti bọ́jú. Mo di ikùn mú, mo ní inú ló ń run mí. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Bí ìwọ náà ò bá lọ,” ló wí, “a jẹ́ pé èmi nìkan ni.”

Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo bọ́jú. Mo wọ bàtà.

A kọjá Ṣágámù. Igbó wá bẹ̀rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé dígí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjú sókè, ojú ọ̀run nìkan ló wà nínú rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà àtàtà ló yí dígí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń rò ó ni tírélà kan fọn fèrè lẹ́yìn wa gan-an, ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá bíi pé ó fẹ́ fá irùngbọ̀n Bàbá. Lọ́rì wa yẹ̀ gbìrì sínú koríko, ó tún padà sórí títì. Bàbá ò rí i tó ń bọ̀ rárá. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún dígí náà ṣe.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló bi mí pé, “Kí lo rò pé ó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin yẹn?”

“Ọkùnrin wo, Bàbá?”

“Ìwọ náà mọ̀ ọ́n.”

Mo ní mo ti gbọ́ ìparí rẹ̀. Mo ní ọmọ ẹni tó ń yáni ní kásẹ́ẹ̀tì ló sọ fún mi. Irọ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mo ní ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì kan dígí ọkọ̀, kọ́, kọ́, kọ́, ó ní kí dẹ́rẹ́bà ṣílẹ̀kùn. Lọ́rì wa bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Mo yára yí i, mo ní ọ̀nà ló fẹ́ béèrè. Lọ́rì tún gbéra. Mo wá ní ó fún dẹ́rẹ́bà lépo, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, kálukú lọ sílé rẹ̀. Bàbá wá mirí.

“Ìyẹn ò lè rí bẹ́ẹ̀. Kò lè tètè tán bẹ́ẹ̀.”

Mo tún dá ọkùnrin náà padà. Báyìí la ṣe ń lọ. Bí mo bá mú ikú sún mọ́ dẹ́rẹ́bà jù, ọkọ̀ á fẹ́ dúró. Bí mo bá yọ ọ́ nínú ewu pátápátá, inú Bàbá kò ní dùn. Ó fẹ́ kí ẹ̀rù bà á, kò sì fẹ́ kí ẹni náà kú. Mo wá ní àṣìṣe kan ṣoṣo ni dẹ́rẹ́bà inú fíìmù ṣe, pé kò wo ẹ̀yìn mọ́, torí ọkọ̀ kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí èèyàn kún inú rẹ̀, tí wọ́n sì ní epo. Nígbà tí a dé ìtòsí Ògbèrè, Bàbá na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó sì yí dígí náà wálẹ̀. Mo mí kanlẹ̀, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

A dé ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Ọ̀rẹ̀. Ó pa ọkọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Àwọn alágbàrù ti ń lu ilẹ̀kùn: “Bàbá Èkó, ẹ bọ́ sílẹ̀ jàre, ọjọ́ ń lọ.” Ó gbé ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dúró ná.

“Ojú ẹ̀ ńkọ́?” ló bi mí. “Báwo ni ojú ọkùnrin yẹn ṣe rí?”

Mo wá jẹ́wọ́ fún un.

“Bàbá, mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ìparí rẹ̀ fún mi.”

Ó wò mí títí. Mo ti ń dúró de ìkó lórí mi. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó tún yíjú padà sí mi.

“Má tíì sọ ọ́,” ló wí. “A ṣì ń padà sílé.”