Odile Kọ́ Ẹ̀rọ Láti Gbọ́ Igbe Wa. Ta Ni Ó Gbọ́ Tirẹ̀?

Odile Vasselin kú sórí ilẹ̀ kíṣìnì rẹ̀ ní Rippleside, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pe ìrànlọ́wọ́ lọ́rùn rẹ̀. Kò gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ dá a lóhùn, ó sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ sì pa ìpè náà. Ọjọ́ kejì ni Raheem, aládùúgbò rẹ̀, rí i pé kò ṣí fèrèsé bó ṣe máa ń ṣí i, ló bá pe ọlọ́pàá. Ẹ̀yin tí ẹ ni bọ́tìnnì náà, ẹ má sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún jù yín lọ, mi ò sì gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ Faransé ni Odile, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ lè gbọ́ ohùn arúgbó, ohùn tó ń gbọ̀n, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà sí. Ìyá bàbá rẹ̀ ló ṣubú lẹ́yìnkùlé lábúlé wọn nígbà tí òun wà lọ́mọdé, tí ìyá náà ké títí ohùn fi há, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ó ní torí ìyẹn ni òun ṣe kọ́ṣẹ́ náà.

Ìjọ Aládùúrà wa ń ṣe ìsìn nínú ilé ìkẹ́rù kan ní River Road, láàrin àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe. Ibẹ̀ ló wá bá wa ní ọjọ́ Àìkú kan, ó ní òun fẹ́ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Ìyá Ìjọ wa, Màmá Oyèyẹmí, ọmọ Ìjẹ̀bú tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, “Madam, ohùn wà, free of charge. But bàtà yẹn, outside ló máa dúró.” Odile bọ́ bàtà nínú òtútù oṣù kìíní. Láti ọjọ́ náà, a kì í wá ìbọ̀sẹ̀ pupa rẹ̀ tì lábẹ́ àga ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ kò gba Ọlọ́run gbọ́ rárá. Wòlíì wa bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn gan-an ló ń bi wá léèrè rẹ̀ bí kò bá wá.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Bí àgbà Yorùbá bá ṣubú nínú ilé, kì í kọ́kọ́ sọ pé òun ṣubú. Jésù ni yóò pè, tàbí orí rẹ̀, tàbí kí ó dá orin ìjọ kí ọkàn rẹ̀ má baà lọ. Àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà á rò pé rédíò ló ń kọrin, wọ́n á sì pa ìpè. Odile ní kí àwọn àgbà wa máa ṣe bí ẹni tó ṣubú, kí òun lè gba igbe wọn. Màmá Oyèyẹmí na gbalaja sórí ẹní, wọ́n ké débi pé àwọn mẹ́káníìkì ẹ̀gbẹ́ wa sáré wọlé pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun kò lè gba igbe gbogbo ayé. Nítorí náà ló ṣe fi òfin kan sínú iṣẹ́ náà: bí ohun tí ẹ̀rọ gbọ́ kò bá yé e, kò gbọdọ̀ pa ìpè. Ó gbọ́dọ̀ gbé e fún ènìyàn ẹlẹ́ran ara, tí yóò rán ẹnìkan lọ wo ẹni náà. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí gan-an nítorí òfin yẹn.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta bọ́tìnnì ìrànlọ́wọ́ ra iṣẹ́ náà. Agbẹjọ́rò ìwé ìròyìn yìí ní kí n má dárúkọ wọn. Mi ò dárúkọ. Ẹni tó ṣe nǹkan mọ ara rẹ̀. Wọ́n yọ igbe wa kúrò, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì tó. Wọ́n wá yọ òfin náà, wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé ìpè ń ná àwọn lówó jù. Odile lọ bá wọn jà ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n fún un ní tíì, wọ́n ní kó lọ sinmi. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ wá mú un lápá kan, bọ́tìnnì tiwọn ni wọ́n gbé kọ́ ọ lọ́rùn. Mo bi í pé ṣé ẹ̀rù kò bà á. Ó ní bí òun kò bá wọ̀ ọ́, ta ni yóò máa ṣọ́ wọn?

Níbi ìwádìí ikú rẹ̀, wọ́n jẹ́ kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń sọ Faransé, kò já gaara. Lẹ́yìn náà ni ó ké ketekete, gẹ́gẹ́ bí Màmá Oyèyẹmí ti ń ké lórí ẹní: “Ẹ gbà mí o.” Ó tún un ké. Ẹ̀rọ dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òun kò gbọ́ ìbéèrè kankan, ó kí i pé ó dàbọ̀. Màmá Oyèyẹmí dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú sùtánà. “Èmi gbọ́,” ni wọ́n wí. “I heard her.” Akọ̀wé kóòtù ní kí Màmá jókòó.

Ìgbà tí a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ilé-iṣẹ́ náà fi òdòdó ránṣẹ́. Wọ́n gbé àwòrán Odile sórí ìkànnì wọn, wọ́n pè é ní aṣáájú. Ní kóòtù, agbẹjọ́rò wọn ní ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é gẹ́lẹ́. Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀sùn tí a fi kàn yín nìyẹn.

Lẹ́yìn òdòdó, wọ́n ránṣẹ́ sí gbogbo àgbà tó wọ bọ́tìnnì wọn pé bí nǹkan bá ṣe wọ́n, kí wọ́n máa sọ Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara. Ìyá tó bí mi, ní Mayesbrook nítòsí Rippleside, wọ ọ̀kan, wọ́n sì ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá wọn níbi tí wọ́n di ẹ̀gbẹ́ fíríìjì mú, tí wọ́n ń sọ fún ara wọn pé, “Help me. I fall down.” Ìyá mi ń kọ́ bí a ṣe ń ṣubú lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n béèrè pé, “Ṣé ó ti dáa báyìí? Ṣé wọ́n á gbọ́ mi?”

Ẹ̀yin ni ẹ jẹ ìyá mi ní èsì. Ta ni ó yọ òfin Odile? Kí ó jáde, kí ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ ní gbangba. Ẹ dá òfin náà padà, ẹ dá ènìyàn padà sídìí fóònù. Títí ẹ ó fi ṣe é, gbogbo ọjọ́ Ajé ni a ó máa wá sẹ́nu ọ̀nà yín pẹ̀lú sùtánà funfun, lọ́kùnrin lóbìnrin, a ó sì máa ké “Ẹ gbà mí o” títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ wá pa ìpè yẹn náà.