Ilé Kọfí Tí Wọ́n Ti Ń Ta Àtijọ́

Ọ̀rẹ́ mi ló pè mí síbẹ̀. Mo pè é ní ọ̀rẹ́ mi; ẹ jẹ́ kí n ṣì máa pè é bẹ́ẹ̀ títí màá fi dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ó ti pẹ́ tó ti kúrò ní Oak Cliff, níbi tí àwa méjèèjì jọ gbé inú yàrá kan nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Ó kàwé, ó di nọ́ọ̀sì, ó fẹ́ ọkọ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ra ilé sí DeSoto. Èmi kò kàwé kọjá ibi tí wọ́n ti ń fi ẹgba kọ́ni, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Pleasant Grove ni mo wà, mò ń ta wíìgì, bàtà àti báàgì. Ìjọ kan náà là ń lọ. Iwájú lòun ń jókòó, ẹ̀yìn ni tèmi, nítorí ẹ̀rín máa ń gbé mi bí ìwàásù bá ti ń gùn.

Ọjọ́ tó ní ká pàdé ní ilé kọfí àwọn ará Japan, inú mi dùn débi pé mo bọ́ wíìgì tó dára jù lórí bèbí ìpàtẹ, mo sì dé e. Ọdún ti gorí ọdún tí àwa méjì kò jọ jókòó rí láìsí ẹlòmíràn níbẹ̀. Mo ní, Olúwa ṣeun, ó ti rántí mi. Mo fẹ́ gba ọ̀rẹ́ mi padà, kò sí ohun mìíràn tí mo bá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì dé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ ronú pé ẹnìkan lọ sí ààtàn, ó ṣa gbogbo ohun tí ìyá ìyá yín dà nù, ó nù ún, ó tò ó, ó wá ní kí ẹ máa wá wò ó jẹ́ẹ́. Àga pupa tó rí múlọ́múlọ́. Fìtílà onígíláàsì aláràbarà. Tẹlifóònù dúdú tí à ń fi ìka yí. Rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá kan ń yí, obìnrin kan ń kọrin nínú rẹ̀ bí ẹni tí ọkọ fi sílẹ̀ tí kò sì fẹ́ kí ará ilé kejì gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ń ya fọ́tò tẹlifóònù náà, kò sí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ fi pe ìyá rẹ̀.

Bàbá Japan tó ni ibẹ̀, arúgbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó de táì labalábá, rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹríba. Àgbà tẹríba fún mi kẹ̀? Mo yára kúnlẹ̀. Ó rí i pé mo kúnlẹ̀, ó tún tẹríba sí i. Èmi náà tún lọ sílẹ̀. A ń lọ sílẹ̀, à ń bọ̀ lókè, bí ọmọ odó méjì nínú odó kan, títí orúnkún mi fi bẹ̀ mí.

Ọ̀rẹ́ mi ti wà ní kọ̀rọ̀, ó ń wo tábìlì. Mo pariwo láti ọ̀nà jíjìn pé, "Ìwọ, wo ọkọ tuntun mi! A ti kí ara wa tán, ó ku kí ẹbí rẹ̀ wá mọ ilé wa!"

Ó dìde. Ó ní, "Ẹ káàsán mà. Ẹ kú ìrìn."

Mo bojú wẹ̀yìn. Mo rò pé ìyá àgbà kan ló tẹ̀lé mi wọlé.

"Ta lò ń kí?"

"Ẹ̀yin ni mà."

Ẹ gbọ́, ọdún kan náà ni wọ́n bí wa. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó fínnífínní, òun ló fi oṣù díẹ̀ jù mí. Nígbà tí a jọ ń gbé, "ìwọ ẹlẹ́nu abẹ yìí" ló ń pè mí, èmi á ní, "Orí ẹ dàrú." "Ẹ" tí ọmọdé fún àgbà, oyin ni. "Ẹ" tí ọ̀rẹ́ fún ọ lójijì, ògiri ni.

Mo jókòó. Bàbá náà gbé ìgò róbótó méjì tó gorí ara wọn sórí káńtà, ó ṣáná sí i nídìí, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lọ sókè fúnra rẹ̀ lọ bá kọfí. Mo ní, "Ṣé kọfí nìyí àbí àgúnmu?" Láyé ọjọ́sí, ìyẹn nìkan á mú un já bọ́ lórí àga. Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí nọ́ọ̀sì ṣe ń rẹ́rìn-ín sí aláìsàn.

Mo tọ́ kọfí náà wò. Ewúro tí a kò fọ̀.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ mà, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ kóòtù yẹn ni."

"Kóòtù? Ta ló pè ọ́ lẹ́jọ́?"

"Kóòtù òtútù mà. Èyí tí ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn obìnrin ìjọ."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, mo sọ ọ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọdún àkọ́kọ́ wa, kóòtù kan ṣoṣo ló wà fún àwa méjèèjì. Òun ń fọ abọ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀, èmi ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì nírọ̀lẹ́. Èmi á fi búláńkẹ́ẹ̀tì bora sáré dé ibùdókọ̀. Òun á sọ̀ kalẹ̀, á bọ́ kóòtù fún mi, á gba búláńkẹ́ẹ̀tì, á sáré lọ sílé bí ewúrẹ́ tí òjò ń lé. Èmi á wọ kóòtù náà pẹ̀lú ooru ara rẹ̀ nínú. Awakọ̀ kan wò mí títí, ó ní kí n lọ sinmi, pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe ti pọ̀ jù. Ènìyàn kan ló rò pé a jẹ́.

"Wọ́n fẹ́ fi ọkọ mi jẹ pásítọ̀ mà. Ojú ti pọ̀ lára wa. Àwọn ọmọ mi ò mọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀."

"Ṣé a jí kóòtù náà ni?"

"A ò jí i mà."

"Àbí ìhòòhò la wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra." Ó wo àwọn ọmọ òyìnbó yẹn bí ẹni pé Ìbàdàn ni wọ́n bí wọn sí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Kì í ṣe kóòtù nìkan mà. Gbogbo ìgbà Oak Cliff yẹn. Ẹ bá mi jẹ́ kó lọ."

Mo wo yíká. Àwọn ọ̀dọ́ yìí wakọ̀ wá láti jókòó ti àtijọ́ ẹlòmíràn, àtijọ́ tí kì í ṣe ti bàbá wọn. Inú ilé yìí náà lọ̀rẹ́ mi wá pè mí sí kí n wá bá òun sin àtijọ́ tiwa. Ẹ̀rín tún gbé mi, ṣùgbọ́n ó korò ju ohun tó wà nínú ife lọ, mo gbé méjèèjì mì.

"Pè mí ní ìwọ lẹ́ẹ̀kan," mo ní, "màá ṣe ohun tí o fẹ́."

Ó ń fi ṣíbí ro kọfí tí kò sí ṣúgà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi yé mà."

Nígbà tí ẹgbẹ́ obìnrin tún pàdé, ọkọ rẹ̀ ti di pásítọ̀. Ìyá kan nawọ́ sí mi, ó ní, "Ìyá oníwíìgì, ẹ tún ìtàn kóòtù yẹn sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀yin àti ìyàwó pásítọ̀ wa." Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀. Òun ń wo Bíbélì rẹ̀, kò ṣí i.

Mo ní, "Ẹ ṣì mí gbọ́ ni. Kì í ṣe òun. Ọ̀rẹ́ mi kan ni. Ó ti kú."

Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń kí mi ní pẹ̀lẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Ó kan òun náà. Gbogbo wọn ti yíjú sí i, ìyàwó pásítọ̀ kò sì lè dákẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tu ọlọ́fọ̀ nínú. Ó dìde, ó gbá Bíbélì rẹ̀ mọ́ àyà.

Ó ní, "Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn mà."

Mo kúnlẹ̀ fún un. Mo ní, "Ẹ ṣeun mà."