Ilé Hajiya Tí Ìyá Àgbà Wa Gbé ní Káwo

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kàdúná, tí ẹni tó bá ní in ń gbé e lọ́wọ́ bí ẹyin, ilé kan wà ní Káwo tí mo mọ ìtàn rẹ̀ ju ẹni tó ni ín lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ mi náà máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá pe ara mi ní àgbà, ṣùgbọ́n nínú ẹbí wa lónìí, èmi ni mo kù tí mo lè sọ ọ̀rọ̀ ilé náà láìṣìwí.

Ilé alámọ̀ ni, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára. Bí ẹ bá gba ọ̀nà gáréèjì wọlé, sáúrè lẹ ó kọ́kọ́ bá, ìyẹn yàrá àbáwọlé tí àwọn Hausa fi ń gba àlejò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àgbàlá, yàrá méje yí i ká, kò sì sí méjì tó dọ́gba nínú wọn. Èmi, àwọn òbí mi àti ìyá tó bí bàbá mi là ń gbé ibẹ̀. Ìyá àgbà ń ta ẹní àti búta tí àwọn èèyàn fi ń ṣe àlùwàlá. Ará Ọ̀fà ni, ṣùgbọ́n awakọ̀ tó bá rò pé òun máa fi Hausa rẹ́ ẹ jẹ, ó ti pàdé olúwa rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, olùkọ́ wa ní kí olúkúlùkù lọ wádìí ilé tó ń gbé: ta ló kọ́ ọ, àwọn wo ló ti gbé inú rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ ìlà mẹ́ta mẹ́ta. Èmi kọ odindi ìwé kan kún. Ìyá àgbà ló fà á. Ìbéèrè kan péré ni mo bi í, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi dáhùn.

Ó ní Hajiya kan ló ni ilé, ọkọ Hajiya ló sì kọ́ ọ. Awakọ̀ ni ọkùnrin náà, ó ń kó òwú láti Fúntúà wá sí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ. Bí ìkórè òwú kan bá parí, á kọ́ yàrá kan. Bí òwú ọdún náà bá ṣe tó ni yàrá náà ṣe máa tóbi tó. Ọdún tí òwú kò ṣe dáadáa ló kọ́ yàrá tí èmi ń sùn; bí mo bá na ẹsẹ̀ tán, ó ti kan ògiri. Ọkùnrin náà kú sójú ọ̀nà, Hajiya ò sì bímọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ayálégbé. Sójà Tiv kan gbé ibẹ̀, tó ṣe ilẹ̀kùn onírin nítorí pé ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀rù ejò. Íbò kan tó ń tún bàtà ṣe ló gbin máńgòrò àgbàlá. Àfáà Núpé kan ń kọ́ ọmọdé ní kéwú ní sáúrè. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà dé, ìyàwó ọ̀ṣìngín, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ aṣọ. Àwọn yòókù ń wá, wọ́n ń lọ. Òun ò lọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ Hajiya ò gbé e mọ́, ìyá àgbà ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń bọ́ ọ, fún ọdún mẹ́rin, títí ó fi kú. Wọn ò tíì bí mi nígbà náà.

Látọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò béèrè ilé. Àdúgbò ń pè é ní Gidan Yarabawa, ilé àwọn Yorùbá. Bàbá mi, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kánò nígbà tí Hajiya kú, gbà pé ó fi ilé sílẹ̀ fún wa ni. Ó tiẹ̀ ti ń wéwèé láti wó apá ẹ̀yìn, kí ó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ.

Kí ìwé mi lè pé, ìyá àgbà mú mi lọ sí Barakallahu, níbi tí Àfáà Núpé kó lọ. Ó ti darúgbó, àmọ́ iyè rẹ̀ ṣì pé. Ó ní, "Ojú mi ló ṣe. Hajiya ní kí ìyàwó Yorùbá yìí máa gbé inú ilé títí Ọlọ́run á fi pè é. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ilé padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn òun ní Fúntúà."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ọkọ̀, mo bi ìyá àgbà bóyá ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Itan mi ni orí rẹ̀ wà nígbà tó sọ ọ́."

"Ṣé bàbá mi mọ̀?"

"Kò bi mí rí."

Kò pé oṣù mẹ́ta, Àfáà kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé láti Fúntúà, ọmọ ọmọ àbúrò Hajiya. Ó ní ìyá òun ló sọ lórí àìsàn pé àwọn ní ilé ní Káwo. Kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Àwa náà ò ní. Díẹ̀ ló kù kí bàbá mi tì í síta. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ mai unguwa, olórí àdúgbò.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi, tó ti wá ka ohun tí Àfáà sọ nínú ìwé mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀. "Ẹ ṣáà sọ pé ó fún yín. Ogójì ọdún! Ta ló máa já yín níyàn?" Ó yíjú sí mi. "Ìwọ, fi ìwé yẹn sílé." Ìyá àgbà ń wé gèlè rẹ̀.

Lórí ẹní mai unguwa, gbogbo wa jókòó. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ bá olóògbé gbé. Kí ló sọ?"

Bàbá mi húkọ́. Ìyá àgbà fi Hausa sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ní òun ò gbọ́: "Ó ní kí n máa gbé e títí n ó fi kú. Kò ní kí n jogún rẹ̀."

Bàbá mi dìde, ó jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ò yọ̀. Ó lọ lóṣòó níwájú ìyá àgbà, ó pè é ní Kaka, ìyẹn ìyá àgbà ní Hausa. "Kaka, ẹ ì bá sọ nǹkan mìíràn, mi ò ní ẹlẹ́rìí."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo pa ojú Hajiya dé. Mi ò ní pa ẹnu rẹ̀ dé."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi wá irú èèyàn tí ọkọ Hajiya jẹ́. Kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀! Ìyá àgbà rán mi lọ sílé, mo sáré mú ìwé wá, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi òwú àti yàrá, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi apá aṣọ nu ojú. Ó sọ níwájú mai unguwa pé bí Hajiya ṣe wí ni kó rí: kí ìyá àgbà máa gbé inú ilé náà lọ.

Odindi oṣù kan ni bàbá mi ò fi jẹun ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ra ilẹ̀ ní Barakallahu, ó ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni ìyá àgbà tún lò. Ní gbogbo ìkórè, ará Fúntúà náà á gbé ọkà bàbà wá fún un. Ọjọ́ tí ìyá àgbà kú, sàfù kan náà ni ará Fúntúà náà àti bàbá mi tò sí láti kírun sí i lára. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, a gbá ilé mọ́, bàbá mi fúnra rẹ̀ ló fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Ṣọ́ọ̀bù fóònù ló wà níbẹ̀ báyìí. Mi ò bínú sí i. Ilé a máa kú bí èèyàn. Ayé ti yí. Lónìí, èèyàn á gbé Ungwan Rimi fún ọdún mẹ́wàá, kò ní mọ orúkọ aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó mọ́, àfi ìwé, àfi lọ́yà. Ìwé dára, èmi náà ní tèmi nínú àpótí. Àmọ́ nígbà yẹn, ohun tí olóògbé bá fi síkùn ẹnìkan ṣoṣo, á wà níbẹ̀ láìdín.

Àbíkẹ́yìn mi, tó jẹ́ pé Hausa ló fi ń dáhùn bí a bá fi Yorùbá bi í, bi mí láìpẹ́ yìí pé, "Mama, da ta yi shiru fa?" Bí Kaka bá ti dákẹ́ ńkọ́?

Mo ní ilé náà ì bá jẹ́ tiwa dòní. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni ìyá àgbà fi gbé inú rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sì sí ìgbà kan tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn tí àyà rẹ̀ já.