Ọkọ̀ Méjì Nínú Àgbàlá Kan

Òórùn tó kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí àwọn ọdún àkọ́kọ́ ìgbéyàwó wa ni òórùn omi gbígbóná tó ń hó nínú irin. Ọkọ̀ ọkọ mi ló máa ń rùn bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ojú sánmà ni, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó rà ní àlòkù lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn òmìnira. Àga inú rẹ̀ jẹ́ awọ pupa, irin etí rẹ̀ ń dán débi pé èèyàn lè wo ojú nínú rẹ̀. Ó rẹwà, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ kọ́kọ́ gbé e wá sílé bàbá mi ní Òṣogbo láti wá tọrọ mi, gbogbo ìyàwó ilé ló jáde wá wò ó. Èmi náà dúró lójú fèrèsé òkè, inú mi ń dùn bí ẹni pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe ọkọ̀ náà. Àfi ìgbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ tí ọkọ̀ kọ̀ tí kò ṣíná. Àwọn ará àdúgbò tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ ló bá wọn tì í dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà kó tó dáhùn.

Bàbá mi, tó ń ta ẹ̀lú àti òwú, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Gbogbo ilé ń retí ohun tí yóò sọ nítorí pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọkùnrin náà, Ìjẹ̀ṣà sì tún ni. Kò sọ ọ́. Ohun tó sọ ni pé, "Ọmọ dáadáa ni. Kí Ọlọ́run bá a tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe."

Iléṣà la ń gbé lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ọkọ mi ń bá ìjọba wọn ilẹ̀, èmi ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ kan ní Òṣú. Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni ìyá rẹ̀ ń gbé, òun nìkan sì ni ọmọ tó kù fún ìyá náà láyé. Lọ́jọ́ Sátidé tí iṣẹ́ bá gbà wá láyè, a máa ń lọ kí wọn. Ọ̀nà náà dára títí tí èèyàn yóò fi dé òkè tó wà lágbègbè Ẹ̀rìn. Bí a bá ti ń gun òkè yẹn, ọkọ̀ aláwọ̀ sánmà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, èéfín funfun á yọ lẹ́nu bónẹ́ẹ̀tì, ọkọ mi á sì rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo mọ odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ bí mo ṣe mọ ẹ̀yìnkùlé wa. Èmi ni mo ń lọ pọn omi nínú gálọ́ọ̀nù, pẹ̀lú bàtà gíga àti gèlè tí mo wé láti lọ kí ìyá ọkọ.

"Ọkọ̀ náà ò bàjẹ́," ọkọ mi á wí. "Ó kàn ń sinmi ni."

"Ṣé àwọn lọ́rí tó ń kọjá yìí ò mọ̀ pé ibi ìsinmi nìyí ni?" mo bi í lọ́jọ́ kan. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀.

Ìdààmú òkè yìí kì í jẹ́ ká pẹ́ ní Ìpetu. Bí a bá dé, a ó gbé ẹ̀bùn kalẹ̀, a ó jẹun, ọkọ mi á sì ti máa wo oòrùn. Kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wa níbi tí ọkọ̀ á ti dúró. Ìyá á ní, "Ṣé ẹ ti ń lọ nìyẹn?" Òun á ní, "Ọ̀nà ni, Ìyá." Wọn á sì sìn wá dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí ó ṣe, mo ra ọkọ̀ tèmi. Owó oṣù mi ni mo tọ́jú, mo sì ra Ìjàpá, ọkọ̀ rìbìtì tí gbogbo ayé mọ̀, àlòkù ni òun náà. Ìjà tí a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ní ariwo nínú, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ọkọ mi ní ariwo rẹ̀ dà bí ti ẹ̀rọ ata. Ó ní ọkọ̀ wo ni kì í mu omi, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nídìí, téèyàn á ṣí bónẹ́ẹ̀tì tí á bá àpótí aṣọ níbẹ̀? Mo ní ohun tí kì í mu omi gan-an ni mò ń wá. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó ti wa lọ́rí títí ó fi fẹ̀yìn tì ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà ní Òṣogbo. Apá òsì la ṣì ń gbà lójú ọ̀nà nígbà náà. Ìgbà tí mo wà á dé Iléṣà fúnra mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fun fèrè láti ìsàlẹ̀ àdúgbò títí dé ẹnu géètì wa, kò sì sí ewúrẹ́ kan lójú ọ̀nà. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ojú ara mi ń tì mí díẹ̀, mo sì tún ń rẹ́rìn-ín.

Báyìí ni ọkọ̀ méjì ṣe wà nínú àgbàlá wa, tí àwọn aládùúgbò ń wo èyí tó máa borí. Ká sọ òótọ́, tọkọ mi rọ èèyàn lára láti jókòó sí. Kì í gbọ̀n, èèyàn sì lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nǹkan kékeré bá ti já lára rẹ̀, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń wá a, nígbà mìíràn wọn ò sì ní í rí i. Mẹkáníìkì rẹ̀ mọ̀ wá débi pé ó wà níbi ìkómọ wa. Tèmi ń pariwo, ooru rẹ̀ kò kéré, ẹrù tó ń gbà kò sì tó nǹkan. Kò tilẹ̀ ní ohun tó ń fi iye epo tó kù hàn. Bí epo bá ń tán, ọkọ̀ á kọ́kọ́ máa kọsẹ̀, èmi á wá fi ẹsẹ̀ yí irin kékeré kan nísàlẹ̀ láti ṣí ìyókù tó wà ní ìpamọ́. Ṣùgbọ́n kò sí òwúrọ̀ tí mo yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí kò dá mi lóhùn. Bí ó bá sì fẹ́ àtúnṣe, mẹkáníìkì gbogbo ìlú ló mọ inú rẹ̀. Mo ń lọ sí Òṣú, mo ń bọ̀. Mo ń lọ kí bàbá mi. Ọkọ mi rí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ ọkọ̀ mi rí.

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan bá lọ́rí wá láti Ìpetu pé ara Ìyá ò yá, inú ń run wọ́n gidigidi, wọn ò lè dìde. Mo ti lọ síléèwé. Ọkọ mi gbé ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí mo padà dé lọ́sàn-án, mo ń tú gèlè mi lọ́wọ́ ni mo rí i tó ń fẹsẹ̀ rìn wọ àgbàlá. Eruku ti bò ó, bùbá rẹ̀ ti rin fún òógùn.

"Ìyá dà?" mo bi í.

"Wọ́n wà lójú ọ̀nà." Ó fi apá nu ojú. "Mo ti gbé wọn, à ń bọ̀, ó wá dúró. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ṣe. Wọn ò lè jókòó nínú lọ́rí, mo fi wọ́n sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta ọsàn, mo bá lọ́rí wá."

Mo mú kọ́kọ́rọ́. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà rẹ̀. Mo sáré lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ń bà mí.

A bá Ìyá lórí ẹní nínú àtíbàbà ọlọ́sàn. Ìyá ọlọ́sàn fi aṣọ tútù sí wọn níwájú orí, ọkọ̀ aláwọ̀ sánmà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí ó la ẹnu sílẹ̀. Ọkọ mi gbé ìyá rẹ̀ bí ọmọdé, ó tẹ́ wọn sẹ́yìn ọkọ̀ mi, ó sì gbé orí wọn lé itan. Mo ṣíná. Ìyá la ojú.

"Kí ló ń kùn lẹ́yìn mi yìí, ìyàwó mi?"

"Ẹ́ńjìnnì ni, Ìyá."

"Lẹ́yìn?"

"Ẹ̀yìn ló wà, mà."

Wọ́n mí díẹ̀. "A jẹ́ pé òun ló ń tì wá lọ." Wọ́n tún pa ojú dé.

A kò dúró títí a fi dé ilé ìwòsàn ní Iléṣà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Ìyá lọ́jọ́ náà, dókítà sì sọ fún wa pé ká ní a tún pẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá di nǹkan mìíràn. Ọkọ mi lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Nígbà tó yíjú padà, ó ní, "O ṣeun." N kò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ara Ìyá yá díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fa ọkọ̀ aláwọ̀ sánmà wá, mẹkáníìkì tún un ṣe, gbogbo wa sì ti gbà pé títà ló kù tí a ó tà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí Ìyá máa lọ sílé, mo fọ Ìjàpá mi, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí àga ẹ̀yìn, mo gbé e dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ọkọ mi gbé tirẹ̀ sẹ́yìn láti kó ẹrù. Ìyá jáde pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n wo ọkọ̀ méjèèjì, wọ́n kọjá lára tèmi.

"Ọkọ̀ ọmọ mi ni mo fẹ́ wọ̀."

Ojú ti ọkọ mi. "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọ ti ìyàwó yín. Tèmi lè dúró lójú ọ̀nà."

"Tó bá dúró, ṣé ó máa ń pẹ́?"

"Ó máa ń pẹ́ díẹ̀, mà."

"Ìwọ náà á wà níbẹ̀?"

"Ibo ni mo fẹ́ lọ, Ìyá?"

"Ó dáa," ni wọ́n wí, wọ́n sì na ọwọ́ sí i pé kó bá àwọn ṣí ilẹ̀kùn.

Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, inú ń bí mi. Mo ń rò ó pé èmi tí mo gbé wọn débi tí ẹ̀mí wọn fi là, ṣé ohun tí wọ́n á fi san án nìyí? Bí a ṣe dé òkè náà, ọkọ̀ iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi náà dúró. Mo ti mú gálọ́ọ̀nù kí n tó rí Ìyá tí wọ́n rọra juwọ́ sí mi pé kí n jókòó. Ọkọ mi tẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ sórí òkúta lábẹ́ igi, àwọn méjèèjì sì jókòó. Ìyá bó ọsàn, wọ́n là á, wọ́n fún un ní ìdajì. Èdè Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń sọ, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, irú èyí tó máa ń sá mọ́ èmi ọmọ Òṣogbo lọ́wọ́. Mo rí ọkọ mi tó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo rí i tó tẹ orí ba, tí ìyá rẹ̀ sì gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn ọrùn. Èéfín ti lọ tipẹ́. Nígbà tí ọkọ mi dìde láti lọ wo ẹ́ńjìnnì, mo gbọ́ Ìyá kedere pé, "Jẹ́ kó tún tutù díẹ̀ sí i."

Ìgbà yẹn ló yé mi, inú tó ń bí mi sì rọ̀. Mo sún àga mi sẹ́yìn, mo sì dúró dè wọ́n.

A kò ta ọkọ̀ náà lọ́dún yẹn. Ó tún gbé Ìyá lọ, ó tún gbé wọn bọ̀, ó ń dúró, wọ́n ń jókòó, títí ọlọ́jọ́ fi dé bá Ìyá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọkọ mi tó tà á fún ẹni tó fẹ́ tú u palẹ̀. Ọkọ̀ ará Japan la rà lẹ́yìn náà, nígbà tí owó epo rọ̀bì ti wọ ìlú, tí a sì ti ń gba apá ọ̀tún. Ó gun òkè Ẹ̀rìn bí ẹni pé kò sí òkè níbẹ̀.

Àwọn ọmọ mi, tí àwọn náà ti ń ra ọkọ̀ fún ọmọ tiwọn, máa ń bi mí pé nínú méjèèjì, èwo ló dára jù. Mo máa ń sọ òótọ́ fún wọn pé tèmi ni, kò ṣe é fi wéra. Ọkọ mi ti lọ báyìí. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan rí, nígbà tí a ti darúgbó, pé kí ni òun àti Ìyá sọ lábẹ́ igi lọ́jọ́ náà. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "O ò rí i pé ọ̀rọ̀ pọ̀ ni?" N kò tún bi í mọ́. Mo wà níbẹ̀, mo rí ojú wọn, ìyẹn sì tó mi.