Oògùn Tó Kọ́ Mi Bí A Ṣe Ń Dìde Nílẹ̀

Òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó pọ́n ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn ní Fìdítì. Kí o tó rí ilé, kí o tó rí àwọn obìnrin tó ń nà án sókè fún àwọn onímọ́tò lẹ́bàá títì, òórùn rẹ̀ á ti wọ imú rẹ. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí ìyàwó mi kú, n kò gbọ́ òórùn náà mọ́. Màá jókòó síwájú ìsọ̀ káfíńtà mi láti àárọ̀, n kò ní fọwọ́ kan ayùn. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi, oorun kò sì wá. Bí wọ́n bá kí mi, màá dáhùn, àmọ́ ohùn mi á dà bíi ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

Ọmọbìnrin mi tó ń ṣe tíṣà ní Awẹ́ ló mú mi lọ sí ọsibítù ní Ọ̀yọ́. Dókítà obìnrin kan, ọmọdé lójú mi, fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó ní ìbànújẹ́ ti di àìsàn sí mi lára. Ó fún mi ní oògùn kan tí kò ju hóró ẹ̀gúsí lọ, kí n máa lo ẹyọ kan lálẹ́. Ó ní màá sùn, ẹnu mi lè máa gbẹ, orí mi lè wúwo láàárọ̀, kí n má mutí sí i, kí n má sì fi àgbo pò ó. Ó ní oorun lè tètè dé, ṣùgbọ́n kí n ní sùúrù fún ìbànújẹ́ náà, kò ní lọ lọ́jọ́ kan.

Ọ̀rẹ́ mi, oorun tí mo sùn! Nígbà tí mo lajú, oòrùn ti gun ògiri, orí mi sì wúwo bí ẹni pé wọ́n da kọnkéré sí i. Ẹnu mi gbẹ bíi lẹ́búlẹ́bú pákó. Omi ni mò ń mu ṣáá, àwọn ọmọ àdúgbò ń sọ pé Bàbá Káfíńtà fẹ́ gbẹ kànga. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo ń rẹ́ pákó lọ́wọ́, òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó bá gba imú mi. Mo dá ayùn dúró. Báwo ni oògùn tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣe gba ọ̀nà ikùn wọlé, tó wá mọ ibi tí imú mi wà, tó mọ ibi tí ọkàn mi wà? Ẹnu yà mí, mo sì sunkún.

Nígbà tó yá, èmi àti ọmọ mi lọ sí ìpàdé ẹbí wa ní Ìlóra. Ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí bàbá wa, ni baálé ibẹ̀. Nílé wa, kò sí bí irun rẹ ṣe lè funfun tó, wàá dọ̀bálẹ̀ fún baálé, àyà rẹ á kan ilẹ̀. Bí ó bá ní kí o dìde, fìrí ni o gbọ́dọ̀ dìde. Ẹni tó bá ń fà á, wọ́n á ní ìkíni náà kò ti inú rẹ̀ wá. Bí bàbá wa ṣe kọ́ mi ni mo ṣe dìde. Àjà ilé bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ lọ sókè, ojú mi ṣókùnkùn. Nígbà tí mo padà mọ ibi tí mo wà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́ mi ní abẹ̀bẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń ṣàn níwájú orí mi.

"Ta ló ta á lọ́fà níṣojú mi?" Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pariwo. Ẹnì kan ní bóyá oògùn ọsibítù ni. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí mi. "Gbé e wá! Oògùn tó ń gbé ọkùnrin ṣánlẹ̀ nínú ilé bàbá rẹ̀, inú ṣáláńgá ló yẹ ẹ́."

Ọmọ mi kúnlẹ̀. "Bàbá Ìlóra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dà á nù. Bí wọ́n bá dá a dúró lójijì, wàhálà lè dé. Ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ bá dókítà lọ́la."

"Ìwọ tíṣà yìí, ṣé kíláàsì rẹ ni mo wà ni? Ó dáa, lọ́la. Bí dókítà ò bá rí àlàyé ṣe, èmi fúnra mi ni màá dà á nù."

Ìṣubú yẹn kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé kí n tún padà di ẹni tí kò gbọ́ òórùn ohunkóhun.

Dókítà bi mí pé kí ni mò ń ṣe nígbà tí mo ṣubú. Mo ní mo dọ̀bálẹ̀ ni, mo sì dìde. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ dùbúlẹ̀ kí n wò ó."

Èmi gbọ́ dọ̀bálẹ̀. Mo nà gbalaja síwájú rẹ̀.

Ó fò sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ gbá tábìlì, ó balẹ̀ lórí eékún rẹ̀ méjèèjì. "Yéè! Bàbá, ẹ má pa mí! Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ní kí ẹ dùbúlẹ̀ sí!" Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ̀, n kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tún wọ̀n ọ́n bí mo ti dìde, ó sì fi hàn mí bó ṣe já wálẹ̀. "Bí ènìyàn bá dìde, iṣan ara ló máa ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sókè kíákíá. Oògùn yìí máa ń mú kí iṣan náà lọ́ra. Ẹ̀yin ti dìde, ẹ̀jẹ̀ yín ṣì wà nílẹ̀." Ó dín oògùn náà kù díẹ̀, ó ní kí n máa jókòó nílẹ̀ ná kí n tó dìde, bí òòyì bá tún kọ́ mi, kí n tètè padà wá. Mo ń ronú délé. Láti kékeré ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀, tí mò ń dìde, n kò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá kan ń lọ nínú mi nígbà gbogbo, tí n kò sì dúpẹ́ rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó sílẹ̀ níwájú baálé lẹ́yìn tó bá ti ní kí n dìde? Nígbà tí mo padà dé Ìlóra, mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Dìde." Mo jókòó sílẹ̀, mo dúró síbẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, dókítà ní..."

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ọmọ rẹ ti sọ fún mi." Ó di ọwọ́ àga mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, eékún rẹ̀ ń dún kọ́kọ́, títí ó fi jókòó tì mí lórí sìmẹ́ńtì, òun tí kì í jókòó sórí àpótí pàápàá.

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ náà ti dé?"

"Ó ku díẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Kó máa rọra bọ̀. A ò lé e."

A jókòó síbẹ̀. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Nígbà tí ìyàwó mi àkọ́kọ́ kú, èmi náà ò sùn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni." Mo wo ojú rẹ̀. Látìgbà tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Mo ṣì ń lo oògùn náà, dókítà ló ń sọ bí màá ṣe lò ó. Bí wọ́n bá ń ka wàhálà tó ń bá a rìn fún mi, ẹnu gbígbẹ, orí wíwúwo, òòyì, mo máa ń gbà pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ òòyì yẹn ló mú ẹ̀gbọ́n mi kúrò lórí àga, tó fi wá bá mi níbi tí mo wà.