Ọwọ́ Òsì ní Ẹnu Ọ̀wá

Ọkọ mi fẹ́ràn ìdọ̀bálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá pàdé àgbà ní Ìdúmàgbò, ìbáà jẹ́ inú ẹrẹ̀, àyà rẹ̀ á kan ilẹ̀. Mo máa ń bá a jà nítorí pé èmi ni mò ń fọ aṣọ. Á ní, "Ìyàwó, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, àwa kì í kí èèyàn ní ààbọ̀." Télọ̀ ni, aṣọ ọkùnrin ló ń rán, èmi ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí náà ìwọ̀nba ni ìdọ̀bálẹ̀ tó ṣe tí kò ṣojú mi. Bí ẹ kò bá mọ irú èèyàn tó jẹ́, ẹ kò ní mọ ohun tó dé bá gbogbo wa lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Ìyá Àgbà là ń pè wọ́n. Ẹnu Ọ̀wá ni ilé wọn, wọn kì í sì í pẹ́ rán èèyàn létí pé ẹ̀gbẹ́ ààfin ni àwọn ń gbé. "Ìga Ìdúngànràn ló wà níbí yìí o, ẹ má kó ìwà ọjà wọ ilé mi." Èmi ni wọ́n ń fi ìwà ọjà yẹn bá wí, nítorí Ìjẹ̀bú ni mí, ẹnu mi kì í sì í sinmi. Ohun tí wọ́n kórìíra jù láyé ni kí ọmọdé fi ọwọ́ òsì fún wọn ní nǹkan. Ó ṣojú mi tí òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, tí ọmọbìnrin kan fi ọwọ́ òsì gbé omi tútù wá fún wọn. Wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kó lọ bu òmíràn, kó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e wá. Abẹ́ òfin yẹn ni ọkọ mi ti kọ́ ìrìn.

Lásìkò kòrónà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti ṣí ọjà padà, èrò ti ń ti ara wọn bíi ti tẹ́lẹ̀, ìbòmú sì ti di nǹkan tí à ń fi há àgbọ̀n. Àwa ará Ìdúmàgbò ti dájọ́ láàárín ara wa pé àìsàn àwọn tó ń wọ bàálù ni. Ìyá Àgbà nìkan ni kò gbà. Wọ́n gbé ike omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí kò bá sì bo imú àti ẹnu dáadáa kò ní wọ pálọ̀ wọn. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín tí a bá jáde tán.

Nínú oṣù yẹn ni ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ara rẹ̀ gbóná, ó sì ní òun kò gbọ́ òórùn mọ́. Áyọ́ọ̀nù jó aṣọ oníbàárà níwájú rẹ̀, èmi tí mo wà níta ni mo kọ́kọ́ pariwo. Ẹni tó ń ta oògùn ní ibà ni, àwa náà sì pè é ní ibà. Ó lo oògùn, ó mu àgbo, ara rẹ̀ balẹ̀, ó padà sídìí máṣíìnì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì gbàgbé.

Ó ku díẹ̀ kí ọdún Iléyá dé, ó rán bùbá kan fún Ìyá Àgbà. Kì í rán aṣọ obìnrin fún ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ Sunday tí a fẹ́ gbé e lọ, ó ní kí n máa lọ ṣáájú, òun fẹ́ tún ọrùn rẹ̀ ṣe. Mo fi í sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù níbi tó ti ń kọrin mọ́ imú. Nígbà tí mo dé Ẹnu Ọ̀wá, mo bá Ìyá Àgbà àti àbúrò ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní pálọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó, a ń retí rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé. Ìyá Àgbà ní bóyá ó ti ń dọ̀bálẹ̀ kí gbogbo àdúgbò.

Ló bá wọlé. Ìbòmú tó fi àgékù aṣọ rán bò ó láti àgbọ̀n títí dé abẹ́ ojú. Ó fi èjìká ti ara ilẹ̀kùn, ó dúró.

"Ọkọ mi, káàbọ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Ṣé àlàáfíà ni?"

Kò dáhùn. Ó kàn ń wò wọ́n.

"Àbí ilẹ̀ ilé mi dọ̀tí lónìí ni?"

Ó rìn wá síwájú díẹ̀, ó sì na náílọ́ọ̀nù tí bùbá náà wà nínú rẹ̀ sí wọn. Ọwọ́ òsì ló fi nà á.

Àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ lanu, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe yẹn?" Èmi ní tèmi rò pé eré ni, torí aláwàdà ni. Mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn ṣeré o."

Ìyá Àgbà ti dìde. "Èmi? Èmi lo na ọwọ́ òsì sí? Dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ yẹn! Dọ̀bálẹ̀ kí n tó ṣẹ́jú!"

Ojú rẹ̀ nìkan ni mo rí lókè ìbòmú. Ó ń wò wá bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ èdè tí kò gbọ́ rí. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ síwájú, ó sì lọ sílẹ̀ gbalaja. Ilẹ̀ dún gbì.

"Ẹn-ẹ́n," ni Ìyá Àgbà wí, wọ́n sì padà jókòó. "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kó má dìde títí màá fi sọ̀rọ̀ mi tán."

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọn ò yára: bí ìyá rẹ̀ ṣe kú fi í sílẹ̀ nígbà tó ń rákò, bí wọ́n ṣe pọ̀n ọ́n kiri títí ẹ̀yìn fi ń dùn wọ́n, bí wọ́n ṣe wá ọ̀gá télọ̀ fún un. "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ìwọ wá fi tìrẹ na aṣọ sí mi." Nígbà tí inú wọn rọ̀, wọ́n ní, "Ó tó, dìde."

Kò dìde.

"Dìde, mo ti dárí jì ọ́."

Ìgbà yẹn ni mo wá wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Abẹ́ ara rẹ̀ ló wà, ó ká sódì, ká ní ẹni tí ara rẹ̀ dá ni, kò ní lè sùn lé e lórí láì kígbe. Mo sì mọ ìdọ̀bálẹ̀ ọkọ mi. Mo fò sọ́dọ̀ rẹ̀, mo yí i dojú sókè, mo já ìbòmú náà kúrò. Itọ́ ti rin ín gbingbin. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Apá kan ojú rẹ̀ ni ti ọkọ mi, apá kejì rọ̀ jọwọrọ bí aṣọ tí wọ́n yọ hángà kúrò nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ là, ó ń wò mí.

Ariwo tí Ìyá Àgbà pa, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé ìta. Wọ́n wólẹ̀ tì í, wọ́n di ọwọ́ tó ti kú náà mú. "Mo ní kó dìde. Ṣé ẹ gbọ́? Mo ti ní kó dìde!" Títí di òní, tí mo bá dákẹ́, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ.

Àwọn aládùúgbò rọ́ dé. Ẹnì kan gbé àdín wá pé kí á rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Òmíràn ní aráyé ló ta á lọ́fà. Mo ti àdín náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan sí onítọ̀hún tí mi ò ní tún sọ níbí. Orí àga ni a gbé e sí jáde nínú ọ̀nà tóóró yẹn títí a fi rí mọ́tò.

Ní ọsibítù, wọ́n ti nǹkan bọ̀ ọ́ nímú fi yẹ kòrónà wò, wọ́n sì ya àwòrán orí rẹ̀. Dókítà obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lọ́nà oríṣiríṣi. "Mà, ìgbà wo lẹ rí wọn kẹ́yìn tí ara wọn dá? Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn nígbà tó bẹ̀rẹ̀?" Ọ̀sán ni mo fi í sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ sì ti ṣú ká tó rí dókítà; kò sẹ́ni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní oògùn kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó bá dì, ṣùgbọ́n bí àkókò bá ti lọ jù, ó lè pa èèyàn, àwọn kò sì lè fún un láì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ tó dì kẹ̀? Níbo?"

"Sítíróòkù ni, mà. Ẹ̀jẹ̀ dì, ó lọ há sínú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ wọn, lápá òsì. Òun ló mú ọwọ́ ọ̀tún àti ọ̀rọ̀ ẹnu. Kòrónà sì wà lára wọn."

Mo ní irọ́ ni. Mo ní kò tíì pé ogójì ọdún, kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ikọ́ lásán ló wú, ikọ́ náà sì ti lọ. Mo ní ṣebí àyà ni wọ́n ní kòrónà ń bá jà.

"Ó máa ń bá ẹ̀jẹ̀ jà náà, mà. Ó máa ń mú un dì. Ìgbà míì, ikọ́ á ti lọ kó tó ṣe é."

Inú bí mi sí i, bí ẹni pé òun ló dá àìsàn náà sílẹ̀. Bí mo ṣe ń pariwo náà ni ọ̀rọ̀ kan kọ lù mí tí mo fi jókòó sílẹ̀. Ọkọ mi gba Ìdúmàgbò kọjá dé Ẹnu Ọ̀wá pẹ̀lú ara tó ti ń kú lápá kan. Nínú gbogbo èrò yẹn, kò sẹ́ni tó rí ẹnu rẹ̀. Kò gbàgbé bùbá náà. Ọwọ́ tó kù fún un ló fi gbé e wá, a sì bú u. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ó ṣubú ni, tàbí ó gbọ́ tí wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀, tó sì gbìyànjú.

Wọn ò jẹ́ ká rí i fún ìgbà pípẹ́. Nọ́ọ̀sì máa ń gbé fóònù sí i létí, mo máa ń sọ̀rọ̀, màá sì gbọ́ bó ṣe ń mí. Ìyá Àgbà kì í sọ nǹkan kan ju pé, "Kò lè sọ̀rọ̀ ni. Èmi ní kò ní ẹ̀kọ́."

Ọlọ́run dá a padà fún wa. Ó ń fi ọ̀pá rìn, ó ń pè mí ní Ìyàwó, ọ̀rọ̀ díẹ̀ míràn sì ń bọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kò padà. Sísọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó.

Ìyá Àgbà wá kí wa láìpẹ́ yìí, wọ́n wọ bùbá náà. Mo fẹ́ dìde lọ gbé omi, ọkọ mi fi ọ̀pá dá mi dúró. Òun ni yóò gbé e. Ó gbé ọ̀rá omi kan lé ọwọ́ ọ̀tún, ó fi òsì gbé ọwọ́ náà ró lábẹ́, kò dé ibi kankan tó fi já bọ́. Ó tún gbìyànjú, ó tún já bọ́. Ìyá Àgbà ní, "Ọkọ mi, fi ọwọ́ tó le gbé e wá fún mi." Ó mi orí. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń mi orí ṣáá. Ọmọ tí wọ́n fúnra wọn kọ́ ni.

Ìyá Àgbà dìde, wọ́n lọ bá a níbi tó dúró sí. Wọ́n na ọwọ́ tiwọn sí i ṣáájú. Ọwọ́ òsì ni.

Ó wò ó títí. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀rá omi náà nílẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ìyá Àgbà fi eyín já etí ọ̀rá náà, wọ́n sì mu ún tán níwájú rẹ̀.