Imú Ta Ni Ká Fún Bàbá?

Ẹ bá mi jókòó, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí nílùú Ìbà!

Ẹ mọ iṣẹ́ mi: àwòrán ni mò ń yà. Inú ìwé ọmọdé, ògiri ilé ìwé, orí T-shirt, kàtúùnù inú fóònù, kò síbi tí n kì í yà á sí. Ìyá mi ṣì ń bi mí pé ìgbà wo ni mo máa ríṣẹ́ gidi.

Ni Alhaji kan bá pè mí. Bàbá wọn ò ya fọ́tò rí títí tó fi kú, wọ́n wá fẹ́ gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí pálọ̀ ilé ẹbí. Àwọn ọmọ á máa júwe, èmi á máa yà á sórí tablet. Ó rọrùn, àbí?

Rọrùn kẹ̀! Alhaji ní imú òun gan-an ni imú Bàbá. Àbúrò wọn obìnrin ní irọ́ ni, tòun ni. Ẹnì kẹta ní kí n fi imú sílẹ̀ ná, kí n wo etí òun. Mo yà á, mo pa á rẹ́, títí Bàbá fi dà bí ìpàdé ẹbí.

Sìkírù, àbíkẹ́yìn wọn, nìkan ni ẹnikẹ́ni ò bi léèrè. Òun ló ń gbé mínírà fún wa. Alhaji sọ sí mi létí pé kì í ṣe ọmọ Bàbá, oyún ni ìyá ẹ̀ gbé wọlé wá, ìdí nìyẹn tí àwọn ò fi ní fún un ní yàrá nínú ilé náà. Sìkírù gbọ́ o! Àánú ẹ̀ ṣe mí.

Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n lọ pe àbúrò Bàbá jáde, ìyá arúgbó tó ṣì ń ríran kedere. Mama ní kí gbogbo wọn panu mọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, fẹ iwájú orí wọn sí i. Jẹ́ kí ojú wọn jìn wọnú. Ètè ìsàlẹ̀ yẹn ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù."

Mo ń yà, òógùn ń bò mí. Nígbà tí Mama ní "Ó tó, ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," mo gbé tablet sókè. Sìkírù ló ń wò wá látinú àwòrán!

Ẹ mọ ohun tí Alhaji ṣe? Wọ́n fà mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní ṣé mi ò lè edit ẹ̀ díẹ̀, kí n fi gíláàsì dúdú sójú Bàbá! Ẹni tó sá fún fọ́tò láyé, wọ́n fẹ́ wọ gíláàsì fún un lọ́run!

Mama gbọ́. Wọ́n ní kí n lọ print ẹ̀ bó ṣe wà. Ọjọ́ tí mo gbé e dé, Sìkírù ni wọ́n ní kó kàn án mọ́ ògiri. Omijé ń bọ́ lójú ẹ̀. Bó ṣe kàn án tán, Mama nawọ́ sí Alhaji, wọ́n ní kó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá kan wá fún Sìkírù.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀? Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ rí òótọ́, ẹ má pe ayàwòrán. Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí, kí ni wọ́n ti ní kẹ́ ẹ edit rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀.

Alhaji, mo mọ̀ pé ẹ ń kà á. Ẹ yọ gíláàsì yín, ẹ kà á dáadáa.